Iṣẹ́ Tí Mi Ò Jẹ́

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni mo lò nílùú òyìnbó, àmọ́ tí ẹ bá gbọ́ ẹnu mi nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì wa ní Wharf Road, Àpápá, ẹ ó rò pé ọdún mẹ́fà ni. Mo sọ̀rọ̀ otútù. Mo sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó dé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n ní yóò dé gan-an. Mo fi àwòrán han gbogbo ènìyàn, títí kan awakọ̀ tírélà kan tó wá gba ìwé ẹrù, tí kò bi mí ní nǹkan kan. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé wọ́n rán mi níṣẹ́ lọ sọ́hùn-ún, mi ò sì jẹ́ ẹ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wá gbé.

Inú ilé kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti dàgbà ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́yìn Boundary, ilé oníyàrá méjìlá tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì. Àwa ọmọbìnrin méjì yìí, tí wọ́n bá pe ọ̀kan, méjèèjì la máa dáhùn. Ìyá tó bí mi máa ń pẹ́ níbi ọjà kí wọ́n tó wọlé, nítorí náà ọwọ́ ìyá ọ̀rẹ́ mi ni mo ti ń jẹun ọ̀sán láti kékeré. Màámi lèmi náà ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni bàbá mi, síbẹ̀ èmi ni mo máa ń bá Màámi gbé Bíbélì wọn dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn a máa gbàgbé rẹ̀ sórí ìjókòó bọ́ọ̀sì.

Télọ̀ ni Màámi. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni wọ́n ń rán, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà létí títì ní Boundary, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọn kì í fi téèpù wọn ọmọ. Wọ́n á ní kí ọmọ náà yí padà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé aṣọ. Tí aṣọ bá wá fẹ̀ jù, wọ́n á ní, "Ṣé kò ní dàgbà ni?" Ìyá ọmọ á sanwó, á gba aṣọ. Obìnrin tó mọ ohun tó fẹ́ ni, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ mi lọ sí England láti ka ìwé dìgírì kejì lórí ètò ìlera. Kó tó lọ, mo búra fún un pé mo máa wá wò ó kó tó parí. Físà mi pẹ́ débi pé mo ti gba kámú, ó kàn ṣàdédé jáde. Mo ra súwẹ́tà méjì ní òkìrìkà, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo ń ka ọjọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n wọ bàálù ni Màámi ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé gbé mọ́, ẹnu wọn sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n lo ọjọ́ mọ́kànlá ní ọsibítù kí wọ́n tó gbé wọn padà wálé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, bùọ̀dá kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, pe ìpàdé sí pálọ̀. Àbúrò Màámi wà níbẹ̀, pásítọ̀ wọn wà níbẹ̀, wọ́n sì ní kí èmi náà wá.

Bùọ̀dá ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ dé etí ọmọ yẹn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kó kó iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ fún ilé ìwé. Tó bá gbọ́ lónìí, ọ̀la ló máa wọ bàálù. Tó bá ti wọ bàálù, ìwé ti parí nìyẹn. Ṣé ohun tí Màámi fẹ́ nìyẹn?"

Gbogbo wa mi orí. Kò sí ẹni tó dìde lọ bi Màámi. Yàrá kejì ni wọ́n wà, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín wa, etí wọn sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mi ò lè dá bùọ̀dá nìkan lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. A kì í fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò. Nígbà tí bàbá mi kú, Kánò ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé bàbá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan. Ìgbà tó rí àga tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ló tó mọ̀. Kò bínú. Òun náà ti bá wọn ṣe irú ẹ̀ fún ẹlòmíràn rí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń wá irọ́ tí a máa pa, èmi gan-an ló mú un wá. Mo ní ká sọ pé Màámi wà lórí òkè àdúrà, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn mú fóònù wọlé. Gbogbo wọn yìn mí. Pásítọ̀ ní àwọn ò fẹ́ràn irọ́, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí a bá ń gbàdúrà fún Màámi lóòótọ́, kì í kúkú ṣe irọ́ pátápátá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, mo lọ kí Màámi pé ó dìgbà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ mi mú, agbára tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ò fẹ́ jáde. Wọ́n gbìyànjú, itọ́ dà sílẹ̀, mo nù ún, wọ́n tún gbìyànjú.

"Sọ fún un," ni wọ́n wí. "Kó máa bọ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màámi."

Bùọ̀dá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sìn mí jáde títí dé ibi tí mo ti máa wọ kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, "O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?" Mo ní mo gbọ́, sà. Wọ́n ní, "Tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Sọ fún un pé Màámi ń kí i." Mo tún ní mo gbọ́, sà. Ènìyàn kan ṣoṣo, mo gba iṣẹ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ti mọ èyí tí mo máa jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra.

Iṣẹ́ mi ní Àpápá ni kí n máa bá àwọn oníbàárà gba kọ̀ǹténà wọn jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ lórí ẹrù ẹlẹ́rù. Àmọ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní pápákọ̀ òfuurufú England ní kí n ṣí báàgì tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣi kọ́kọ́rọ́ mú. Gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀gúsí, ata gígún, ẹja gbígbẹ tí mo fi ọ̀rá mẹ́rin wé. Ó gbóòórùn ẹja náà lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló pa báàgì dé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jáde síta.

Ọ̀rẹ́ mi dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú tó wà, ó gbé kóòtù kejì dání fún mi. Ó ti rù díẹ̀. A dì mọ́ ara wa bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ já wa gbà. Kò bi mí bí mo ṣe rìn. Ó ní, "Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ń kí ẹ gan-an."

"Wọ́n ṣì wà lórí òkè?"

"Wọ́n ṣì wà lórí òkè."

"Abẹ́g, òkè wo nìyẹn? Àbí ogójì ọjọ́ Mósè ni wọ́n fẹ́ lò níbẹ̀ now!" A bú sẹ́rìn-ín, àwọn òyìnbó ń wò wá. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Bùọ̀dá máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún mi, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ní wọ́n wà dáadáa, ọkàn mi balẹ̀."

Ibẹ̀ yẹn ló ti yẹ kí n sọ ọ́. Mo ti to àwọn ìgbà tí ǹ bá ti sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ lọ́kàn, èyí ni àkọ́kọ́, òun ló sì rọrùn jù, torí mi ò tíì tú báàgì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mi ò sọ fún bùọ̀dá. Kì í ṣe torí tiwọn nìkan ni mi ò fi sọ̀rọ̀. Mi ò wọ bàálù rí láyé mi. Mo fẹ́ gbádùn. Mo mọ̀ pé tí mo bá la ẹnu, ẹkún ló kàn, tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn, a ó sì jọ padà wálé láì tíì rí nǹkan kan. Mo ń wí fún ara mi pé ọ̀rọ̀ àgbà ni mò ń tẹ̀lé, mo sì ń ya àwòrán létí odò pẹ̀lú fìlà onírun tí mo yá lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé inú mi dùn.

Yàrá rẹ̀ ò fẹ̀ ju ibi tí a ń dáná sí nílé lọ. A jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, orí sí ẹsẹ̀, bíi ti ìgbà kékeré. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ó padà dé lọ́sàn-án. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti ro ẹ̀bà sílẹ̀, a jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì a ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ìtàn ibi iṣẹ́ fún mi.

Ó ní, "Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀, apá ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Apá òsì ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń fún wọn lóúnjẹ, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló mọ oúnjẹ. Tó o bá jókòó sápá kejì, gbogbo ẹ̀ ló máa dà sí wọn láyà. Àwọn kan rò pé wọn ò gbọ́rọ̀ torí ẹnu wọn ò já gaara. Wọ́n ń gbọ́ o! Ọmọ wọn máa ń wá lọ́jọ́ Sunday. Tó bá ti wá báyìí, lọ́jọ́ Monday wọ́n á jẹun kan àwo."

Mo dá òkèlè padà sínú àwo. Apá ọ̀tún ni gbogbo wa ń jókòó sí nílé, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sún mọ́ ilẹ̀kùn. Gbogbo ọbẹ̀ ló ń dà sí Màámi láyà, a sì ń sọ pé wọn ò fẹ́ jẹun. Ó bi mí pé kí ló dé, mo ní ata ló ta mí. Ó fún mi lómi. Nígbà tí mo padà délé, mo ní kí wọ́n máa jókòó sápá òsì, Màámi sì jẹun sí i. Nǹkan kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi ṣe fún ìyá rẹ̀ nínú àìsàn yẹn nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun ṣe é.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, a dúró ní ibùdókọ̀ kan náà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Nǹkan kan wà tó ò ń fi pa mọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tó o ti dé ni. Sọ ọ́ kó o tó lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo rí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo ní, "Ọkùnrin kan ló ń wá mi."

Ẹ ò rí ayọ̀! Ó pariwo, ó gbá mi ní ẹ̀yìn, ó ń bi mí níbo ló ń gbé, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ìjọ wo ni. Mo dá ọkùnrin náà fún un lójú ẹsẹ̀: ó ga, Ìjẹ̀ṣà ni, Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́, kò ní ọmọ síta. Títí wọ́n fi pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló ń juwọ́ sí mi tó ń jó fún mi nínú otútù. Mo jókòó, mo sunkún dé pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́, dandan ni kó wá jábọ̀. Mi ò ì tíì sinmi tí wọ́n fi ní Màámi ń bèèrè mi. Mo lọ. Wọ́n ti gbé wọn jókòó, wọ́n fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn. Bùọ̀dá wà nínú yàrá.

Màámi ní, "O sọ?"

Mo wo bùọ̀dá. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Mo sọ ọ́, Màámi. Ó ní òun ń bọ̀."

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ojú. Bùọ̀dá bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà níta, wọ́n ní mo gbọ́n, pé ìyẹn á fún wọn lókun. Ó sì fún wọn lókun lóòótọ́. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bèèrè bùláòsì tó dára láràárọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì kó kọjú sílẹ̀kùn. Tí kẹ̀kẹ́ bá dúró níwájú ilé, wọ́n á gbé ojú sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí wọn. Wọ́n á ní, "Ó kù?" Màá ní, "Ó kù díẹ̀, Màámi." Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lọ mọ́. Mo ní kọ̀ǹténà oníbàárà kan ló há sí èbúté, àti pé títì Àpápá kò ṣeé gbà. Kọ̀ǹténà há lóòótọ́, títì ò sì dáa lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi rìn kọjá àárín àwọn tírélà yẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún tí mo dé ni Màámi kú, láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ bùláòsì fún wọn tán.

Bùọ̀dá pe ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kó wálé, pé ara Màámi ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni òun náà; ó mọ ohun tí ìpè yẹn túmọ̀ sí. Ó kọ̀wé sí ilé ìwé rẹ̀ pé òun ní ọ̀fọ̀, pé iṣẹ́ òun kò ní lè parí lọ́jọ́ tó yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fèsì. Wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta sí i, wọ́n sì kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fi kún un pé tí òbí bá tilẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè. Kò sí ẹnì kan nínú àwa tí a jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn tó mọ̀ pé ilé ìwé ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bèèrè.

Kò bá mi jà níbi ìsìnkú. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún, mo sì jẹ́ kó sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí n wá bá òun kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù ní Boundary. Ojúmọmọ gangan ni, àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń kí wa kú àṣẹ̀yìndè. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán pọ̀ lórí tábìlì. Ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láì gbójú sókè, ó ní, "Àbúrò Màámi ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ìgbà tó o wá, wọ́n ti ṣubú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ohun tí Màámi rán mi fún un. Mo sọ ohun tí bùọ̀dá wí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ti wà lórí eékún láàárín ègé aṣọ, mo ní kó nà mí, kó bú mi, kó ṣe èyí tó bá fẹ́. Ó ní kí n dìde, pé àwọn ènìyàn ń wò wá. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè kan tí kò sí ìkankan nínú wa tó rò ó rí, bùọ̀dá ni o, pásítọ̀ ni o, èmi ni o.

"Ṣé Màámi mọ̀ pé mi ò gbọ́?"

Mo ní rárá. Mo ní mo sọ fún wọn pé mo ti jíṣẹ́, pé ó ní òun ń bọ̀.

Ó tẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Ìyẹn ni pé wọ́n rò pé mo gbọ́, mi ò sì wá."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé Màámi gbà pé ó wà lọ́nà. Àmọ́ ọjọ́ méjìdínlógún ti pọ̀ jù fún ẹni tó wà lọ́nà, Màámi kì í sì í ṣe ọmọdé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó mi orí, ó gbé yunifọ́ọ̀mù mìíràn, ó ń ká a lọ.